Building, QS tàbí Civil: kí ni wọ́n ń kọ́ gan-an nínú ẹ̀kọ́ ilé-kíkọ́ ní yunifásítì?

ỌmọÌpìlẹ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. ND Building Technology ni mo ní, Direct Entry ni mo sì fẹ́ fi wọ yunifásítì. Ẹnu àwọn èèyàn kò kò lórí ohun tó yẹ kí n mú. Àwọn kan ní Building, àwọn kan ní Quantity Surveying (QS), ẹlòmíràn ní kí n kọjú sí Civil, pé ilé náà ni gbogbo wọn ń kọ́. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo gbé wá. Ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín wọn lẹ́nu iṣẹ́? Kọ́ọ̀sì wo ló ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ ṣubú, kí ló sì ń fà á? Kí ni mo lè máa fi dánra wò kí wọ́n tó gbà mí? Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà ni mo fẹ́, ẹ má kàn ní kí n "tẹpá mọ́ṣẹ́".

BàbáKọnkéré

Ìwé tí oníkálukú ń gbé jáde ni kí o fi dá wọn mọ̀. Ayàwòrán-ilé ya àwòrán. Ẹnjiníà ṣírò bí bíìmù yóò ṣe tóbi tó àti irin tí yóò wọ inú rẹ̀. QS wọn iṣẹ́ láti orí àwòrán, ó sọ ọ́ dowó. Ẹni tó ka Building ni yóò sọ bí wọn yóò ṣe kọ́ ọ: ta ni yóò kọ́kọ́ wọlé, ọjọ́ mélòó ni yóò lò, kí la ó yẹ̀ wò kí kọnkéré tó dà, kí ni kò ní jẹ́ kí lébìrà já bọ́ láti orí àjà. Ìwé tirẹ̀ ni construction programme, quality management plan, health and safety plan, construction methodology, àti èyí tí mo fẹ́ràn jù, buildability analysis, ìyẹn yíyẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tó wà lórí àwòrán ṣeé kọ́ ní sáìtì. Lábẹ́ òfin, CORBON ló ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ Building sílẹ̀ (Decree 45 ti 1989), QSRBN sì ni ti QS (Decree 31 ti 1986).

Jẹ́ kí n fi ẹyọ kan hàn ọ́, kí o lè mọ ohun tí buildability jẹ́. Ẹnjiníà fún ọ ní bíìmù tó fẹ̀ ní 225 mm, irin Y20 (tó nípọn ní 20 mm) márùn-ún nísàlẹ̀, gbogbo wọn lórí ìlà kan. Lórí ìwé, irin náà tó. Ó yá, gbé e lọ sáìtì. Yọ kọ́fà, kọnkéré tó bo irin, 25 mm lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ó ku 175. Yọ ríìngì Y10, irin 10 mm tó yí wọn ká, lápá méjèèjì, ó ku 155. Irin márùn-ún gba 100. Ó ku 55 mm fún àlàfo mẹ́rin, àlàfo kọ̀ọ̀kan kò tó 14 mm. Òkúta tí ẹ fi ń po kọnkéré jẹ́ 20 mm. Báwo ni yóò ṣe kọjá? Orí irin ni yóò jókòó sí, omi sìmẹ́ǹtì nìkan ni yóò rọ̀ sísàlẹ̀. Nígbà tí kápẹ́ńtà bá tú pákó, ẹ ó rí ihò bí afárá oyin lábẹ́ bíìmù, níbi tó yẹ kó lágbára jù lọ. Oníṣẹ́ Building ló gbọ́dọ̀ rí i kí wọ́n tó gé irin: mẹ́ta sísàlẹ̀, méjì sókè wọn, kí ọ̀pá 25 mm là wọ́n láàárín. Ti ìsàlẹ̀ yóò wá ní àlàfo bíi 47 mm. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni yóò dá a yí padà o. Irin tó gun òkè ti dín gíga tí bíìmù fi ń ṣiṣẹ́ kù, ẹnjiníà ló ní láti tún un ṣírò kó sì fọwọ́ sí i.

Bí irú ìbéèrè yìí bá ń dùn mọ́ ọ, Building ni tìrẹ.

Àdùkẹ́_DE

Lórí ìgbàwọlé: ND ń gbé ọ wọ 200 level. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń béèrè upper credit. Wọn yóò tún wo O'level rẹ, kírẹ́dítì márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò àti Físíìsì wà nínú rẹ̀. Físíìsì ni ọ̀pọ̀ ọmọ poly ń gbàgbé pé àwọn kò ní. Ìwé ìlànà JAMB ni kí o ṣí fún ilé-ẹ̀kọ́ tí o fẹ́ mú gan-an, nítorí ohun tí OAU gbà lè má jẹ́ ohun tí FUTA tàbí UNILAG gbà. Má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí wọ́n sọ fún ọ ní kàféè.

Téèpù

Ẹ̀gbọ́n Kọnkéré ti sọ ti Building, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ QS ń ṣubú sí. Measurement ni. Àwọn ọmọ Building náà ń ṣe é, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń ṣubú sí. Kì í ṣe pé ìṣirò rẹ̀ le, ìṣirò ọmọ JSS ni. Ohun tó le ni pé kí o rí ilé tí kò tíì sí nílẹ̀.

Mú ilé tó jẹ́ 12.00 m ní 9.00 m, a wọ̀n ọ́n láti ẹ̀yìn ògiri. Ògiri jẹ́ 225 mm. Kòtò ìpìlẹ̀ fẹ̀ ní 675 mm, ó jìn ní 900 mm. Kòtò náà gùn tó mélòó? Ẹni tó bá sọ pé 2 × (12 + 9) = 42.00 m ti ka igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní àkàtúnkà. Ìlà àárín ògiri la ń wọ̀n: 42.00 yọ 4 × 0.225, ó di 41.10 m. Ilẹ̀ tí a ó gbẹ́ jẹ́ 41.10 × 0.675 × 0.90, ìyẹn 24.97 m³. Kọnkéré ìsàlẹ̀ tó nípọn ní 225 mm jẹ́ 6.24 m³.

Ìyẹn ṣì rọrùn. Wàyí o, fi ògiri kan sínú, tó gba àárín ilé kọjá, kó dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́ 9 m. Ògiri náà gùn ní 9.00 yọ 2 × 0.225, ó di 8.55 m. Kòtò rẹ̀ ńkọ́? Ibí yìí ni gbogbo kíláàsì ti ń dákẹ́. Kòtò ògiri ìta fẹ̀ ju ògiri fúnra rẹ̀ lọ, ó yọ sí inú ilé ní 225 mm. A ti gbẹ́ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, a ò lè gbẹ́ ilẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà kòtò ògiri inú jẹ́ 8.55 yọ 2 × 0.225, ó di 8.10 m. Ògiri kan ṣoṣo, gígùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: 8.10 fún kòtò àti kọnkéré, 8.55 fún búlọ́ọ̀kù. Ẹni tó bá kọ 8.55 sí gbogbo rẹ̀ ti pàdánù máàkì méjì. Lẹ́nu iṣẹ́, ó ti ní kí oníbàárà sanwó ilẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́.

Nípa bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀: ìwé dimension ní ìlà fún ìsọdipúpọ̀, ìlà fún ìwọ̀n, ìlà fún àbọ̀, lẹ́yìn náà àlàyé. Gígùn ló ń ṣáájú, fífẹ̀ tẹ̀lé e, gíga tàbí jíjìn kẹ́yìn. Gbogbo ìṣirò kékeré bíi 42.00 yọ 0.90 gbọ́dọ̀ hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, má ṣe é lórí kakulétọ̀ kí o kàn gbé àbọ̀ sílẹ̀. Olùkọ́ tí kò rí ọ̀nà tó o gbà kò lè fún ọ ní máàkì ọ̀nà. BESMM4 ni ìwé òfin ìwọ̀n tí à ń lò ní Nàìjíríà. Rà á, má fi fóònù ya àwòrán rẹ̀.

Ṣọ́bìrì_ńlá

Ẹ jọ̀ọ́, búlọ́ọ̀kù 9 inches, ṣé mẹ́wàá kọ́ ló ń lọ sí square mita kan? Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo bíríkìlà ń wí.

Téèpù

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìṣirò wí. Ojú búlọ́ọ̀kù jẹ́ 450 × 225 mm. Bí o bá tò ó láìsí àpòpọ̀ láàárín, 9.88 ló wọ square mita kan, wọ́n sì sọ ọ́ di 10. Ṣùgbọ́n a kì í tò ó bẹ́ẹ̀. Fi 25 mm kún un lápá kan àti lókè, ó di 475 × 250, ó wá di 8.42. Fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kún un fún èyí tó fọ́, ó di 8.84. Fún ògiri 200 m², 1,768 ni ìṣirò fún ọ, 2,000 ni ti bíríkìlà.

BàbáKọnkéré

Téèpù, mi ò bá ọ jiyàn lórí ìṣirò. Ṣùgbọ́n 5% yẹn jẹ́ ti búlọ́ọ̀kù tó lágbára. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n fi àpò sìmẹ́ǹtì kan mú jáde ju bó ti yẹ lọ, tí wọn kò sì bu omi rin, lè fọ́ kó tó kúrò nínú ọkọ̀. Mẹ́wàá tí bíríkìlà ń sọ ti mọ èyí lọ́kàn. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kó kọ 8.42 sílẹ̀, kó kọ ìfọ́ sọ́tọ̀, kó sì sọ ìdí tó fi mú iye yẹn. Ẹni tó kọ 10 gbáà ti fi ìfọ́ pamọ́ sínú iṣẹ́. Bí sọ́páyà bá yí padà sí ẹni tó ń ta búlọ́ọ̀kù gidi, kò ní mọ ohun tó máa yọ.

Téèpù

Mo gbà. Ẹ wo èyí náà: ẹni tó ń lo 10 kì í rántí ra àpòpọ̀ tó tò ó. Ní 8.42, square mita kan ògiri yẹn ń gba bíi 0.033 m³ àpòpọ̀, kí a tó ka èyí tó ń bọ́ sínú ihò búlọ́ọ̀kù. Ní 200 m², ó ju 6.6 m³ lọ. Ẹ̀yin ẹ bá mi wo iye sìmẹ́ǹtì tó ń sọnù bẹ́ẹ̀.

Ìyá_Láàbù

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ wá sí láàbù, nítorí ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ mọ àbọ̀, kò mọ ìdí.

Fún kọnkéré 1:2:4 (sìmẹ́ǹtì, yanrìn, òkúta), cubic mita kan tó ti dì ń gba bíi 1.54 m³ ohun gbígbẹ, nítorí yanrìn ń wọ àárín òkúta, sìmẹ́ǹtì sì ń wọ àárín yanrìn. Sìmẹ́ǹtì jẹ́ ìdá kan nínú méje rẹ̀: 0.22 m³. Ní 1,440 kg fún cubic mita, ó di 317 kg, àpò 6.3. Yanrìn 0.44 m³, òkúta 0.88 m³. Kọnkéré ìpìlẹ̀ Téèpù tó jẹ́ 6.24 m³ yóò gba bí àpò 40 kí a tó fi ìfiṣòfò kún un. Bó bá jẹ́ 1:3:6 ni ẹnjiníà kọ, ó dín kù sí àpò 4.4 fún cubic mita, ìyẹn bí 28 lápapọ̀. Nítorí náà, má kọ iye sìmẹ́ǹtì tí o kò bá tíì ka ìpín tó wà lórí àwòrán.

Slump, ìdánwò bí kọnkéré tútù ṣe rọ̀ tó: kóònù gíga rẹ̀ 300 mm, ẹnu ìsàlẹ̀ 200, ẹnu òkè 100. Ìpele mẹ́ta, gún ìpele kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n pẹ̀lú ọ̀pá 16 mm. Bu omi pa kóònù kí o tó bẹ̀rẹ̀, nítorí kóònù gbígbẹ ń fa kọnkéré mọ́ra, yóò sì fún ọ ní àbọ̀ èké. Fà á sókè gbọn-in, láì yí i. Bí ó bá ya sápá kan, kì í ṣe slump tòótọ́, tún un ṣe.

Cube, kọnkéré onígun mẹ́rin tí a ń fọ́ láti mọ agbára rẹ̀, jẹ́ 150 mm. Ọjọ́ méje àti ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n la ń fọ́ ọ. Bí ó bá fọ́ ní 495 kN, pín 495,000 pẹ̀lú 22,500, ó di 22 N/mm². Ohun tó ń ba àbọ̀ jẹ́ kì í sábà jẹ́ ẹ̀rọ. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n fi cube sílẹ̀ lábẹ́ òòrùn dípò inú omi. Èkejì, ojú tí wọ́n fi trowel rẹ́ ni wọ́n gbé kọjú sókè nínú ẹ̀rọ. Ojú yẹn kò tẹ́jú, ẹ̀rọ á tẹ ibi kan ju ibòmíràn lọ, cube gidi á fọ́ bí ẹyin. Ojú tó fara kan irin mọ́òdù ni kí o gbé sókè àti sísàlẹ̀. Ẹ̀kẹta tún burú ju méjèèjì lọ: kí wọ́n po kọnkéré dáadáa fún cube, kí wọ́n wá bu omi kún èyí tí wọ́n ń gbé lọ sí dékìn nítorí ó le láti tì. Àpò 50 kg ní ìpín omi sí sìmẹ́ǹtì 0.5 ń gba lítà 25. Fi gálọ́ọ̀nù lítà 10 kan ṣoṣo lé e, ó ti di 0.7. Cube á yè, dékìn á kú. Yanrìn tí òjò pa sì ti ní omi tirẹ̀ lára, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú lítà 25 náà.

Àti irú sìmẹ́ǹtì: ní 2014 ni SON, àjọ tó ń wo ìdíwọ̀n ọjà ní Nàìjíríà, ti ní kí sìmẹ́ǹtì tí nọ́ńbà agbára rẹ̀ jẹ́ 32.5 mọ sí pílásítà, kí 42.5 jẹ́ ti pílà, bíìmù, dékìn àti búlọ́ọ̀kù. Ka ẹ̀yìn àpò kí o tó gbé e.

Ṣọ́bìrì_ńlá

"Cube á yè, dékìn á kú." Màmá, mo ti kọ ọ́ sára ògiri yàrá mi.

Ìyá_Pùrógíráàmù

Ẹ ti gbàgbé kọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ kí àwọn ọmọ Building gbé carry-over: planning. Critical path, ìyẹn ọ̀wọ́ iṣẹ́ tí ìdádúró rẹ̀ ń dá gbogbo iṣẹ́ dúró. Wọ́n mọ bí a ṣe ń lọ síwájú àti bí a ṣe ń padà sẹ́yìn nínú àpótí, àmọ́ nǹkan tí kò ní òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń gbàgbé, ìyẹn dídúró.

Ẹ wo dékìn ilé alájà kan. Pákó dékìn, ọjọ́ 6. Irin, ọjọ́ 4, lẹ́yìn pákó. Páìpù iná, ọjọ́ 2, lẹ́yìn pákó bákan náà. Dída kọnkéré, ọjọ́ 1, lẹ́yìn irin àti páìpù. Búlọ́ọ̀kù òkè, ọjọ́ 8, lẹ́yìn kọnkéré. Alágbẹ̀dẹ ń ṣe férémù fèrèsé níbòmíràn, ọjọ́ 20 láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Fífi férémù sí i, ọjọ́ 3, lẹ́yìn búlọ́ọ̀kù àti lẹ́yìn alágbẹ̀dẹ.

Ọ̀pọ̀ yóò ṣírò báyìí: 6 + 4 + 1 + 8, búlọ́ọ̀kù parí ní ọjọ́ 19. Férémù dé ní ọjọ́ 20. Gbogbo iṣẹ́ parí ní ọjọ́ 23. Wọ́n á wá kọ ọ́ pé alágbẹ̀dẹ ni critical, kí ọ̀gá máa pè é lórí fóònù lójoojúmọ́.

Irọ́ ni. Kọnkéré tí wọ́n dà ní ọjọ́ 11, ta ló máa gbé búlọ́ọ̀kù lé e lórí ní ọjọ́ 12? Fi ọjọ́ mẹ́ta ìdúró síbẹ̀. Búlọ́ọ̀kù bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 14, ó parí ní ọjọ́ 22, iṣẹ́ parí ní ọjọ́ 25. Alágbẹ̀dẹ ti wá ní àyè ọjọ́ méjì. Pákó àti irin ló wá di critical. Ọjọ́ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò ṣiṣẹ́ ti yí ẹni tó yẹ kí ọ̀gá máa pè padà. Onípáìpù ní àyè ọjọ́ méjì, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún un.

Ọjọ́ mẹ́ta yẹn kò túmọ̀ sí pé kí ẹ yọ ọparun o. BS 8110, ìwé ìlànà kọnkéré Britain àtijọ́, fàyè gba yíyọ pákó abẹ́ dékìn lẹ́yìn ọjọ́ 4 bí ojú ọjọ́ bá gbóná tó, ọparun tó gbé e dúró di ọjọ́ 10, ti bíìmù di ọjọ́ 14. Ìyẹn jẹ́ ti ibi tí ẹrù orí rẹ̀ kò pọ̀. Bí ẹ bá ń kọ́ búlọ́ọ̀kù lórí rẹ̀, kí ọparun ṣì wà níbẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí lébìrà kó búlọ́ọ̀kù jọ sójú kan. Ọgọ́rùn-ún búlọ́ọ̀kù tó wúwo ní 20 kg lórí square mita méjì jẹ́ 1,000 kg fún square mita, bíi 10 kN/m². Ẹrù èèyàn àti àga tí ẹnjiníà máa ń ṣírò fún yàrá ilé gbígbé jẹ́ 1.5.

Ọmọ_Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o. Fún ẹni tó bá fẹ́ kà á níta: ní Britain, Construction Management àti Quantity Surveying ni orúkọ rẹ̀. CIOB ló ń wo ti àkọ́kọ́, RICS ló ń wo ti èkejì, kí o yẹ̀ ẹ́ wò pé wọ́n fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì náà kí o tó san owó ilé-ẹ̀kọ́. Ìwé ìwọ̀n wọn ni NRM2, òun ló gba ipò SMM7 ní 2013, nítorí náà ìwé SMM7 tí bàbá rẹ gbé sẹ́yìn kò wúlò níbi ìdánwò. Òfin ààbò sáìtì ni CDM 2015. Lẹ́yìn iná tó jó ilé gogoro Grenfell ní London ní 2017, wọ́n ṣe Building Safety Act ní 2022, ó sì ti wọ inú ẹ̀kọ́ wọn. Láìsí káàdì CSCS, ọ̀pọ̀ sáìtì kò ní jẹ́ kí o gba ẹnu ọ̀nà wọn wọlé.

Ní Amẹ́ríkà, Construction Science ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ń pè é, bíi Texas A&M. Clemson ń pè é ní Construction Science and Management. ACCE ló ń fọwọ́ sí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ohun tó ń dààmú àwọn tó ti ilé lọ ni ìwọ̀n. Cubic yard ni wọ́n fi ń ra kọnkéré, ọ̀kan jẹ́ 0.765 m³. Kọnkéré 6.24 m³ ti Téèpù jẹ́ yard 8.16. Irin tí wọ́n ń pè ní nọ́ńbà 4 jẹ́ ìdajì inch, kì í ṣe 4 mm. Ẹ fojú inú wo ẹni tó bá ṣi ìyẹn kà.

Àdùkẹ́_DE

Kí a má gbàgbé IT, iṣẹ́ ìdánrawò ní sáìtì. Lọ́gbúùkù tí wọ́n ń kọ "today we cast columns" sí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Kọ ọ́ pé: "Pílà 14, 225 × 225 mm, gíga 3.00 m, 1:2:4, ọ̀kọ̀ọ̀kan 0.152 m³, gbogbo rẹ̀ 2.13 m³, àpò sìmẹ́ǹtì 14, èèyàn 9, aago mẹ́jọ sí aago méjì." Nígbà tí supervisor láti ilé-ẹ̀kọ́ bá dé, ohun tó máa bi ọ́ lẹ́yìn náà ti wà níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù 8, ìwé tó ń jẹ́rìí IT rẹ, ni kí ọ̀gá sáìtì fọwọ́ sí kó tó kúrò níbẹ̀, torí ẹni tó bá ti gba iṣẹ́ míràn kì í gbé ìpè akẹ́kọ̀ọ́.

Ìyá_Láàbù

Ẹ dúró ná. 2.13 m³ ní 1:2:4 jẹ́ 13.4, ó di 14. Ó dára, o ò parọ́.

BàbáKọnkéré

Lórí projẹ́ẹ̀tì final year, mo ní ẹjọ́ kan láti ro. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi "àwọn ohun tó ń fa ìdádúró iṣẹ́" sílẹ̀. Ìbéèrè ogójì, ìdáhùn láti 1 dé 5, kí a wá ro wọ́n pọ̀ sí relative importance index, kí àbọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ pé àìrówó gbà ló ṣe ipò kìíní. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Mú wáàṣì, lọ sáìtì márùn-ún, ka iye búlọ́ọ̀kù tí bíríkìlà kan pẹ̀lú lébìrà kan tò láàárín wákàtí kan, ní ìpele ilẹ̀, lórí àjà kìíní, lórí àjà kejì. Kọ iye ìgbà tí ó dúró nítorí àpòpọ̀ kò dé àti iye ìgbà tó dúró nítorí pulọ́ǹbù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, o ti ní iye tí ẹni tó ń ṣe estimate lè lò.

Ìyá_Pùrógíráàmù

Èmi fẹ́ irú iye bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ pùrógíráàmù tí mo ń rí, ìméfò ni wọ́n fi kọ ọjọ́ sí i.

ỌmọÌpìlẹ̀

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo jókòó ti ògiri inú tí ẹ̀gbọ́n Téèpù sọ. Mo ní kí ògiri bẹ̀rẹ̀ lórí kọnkéré, kó gòkè dé abẹ́ German floor (kọnkéré ilẹ̀ ilé), tí ìyẹn sì ga ju ilẹ̀ lọ ní 150 mm. Ohun tí mo rí nìyí: gbígbẹ́ ilẹ̀ 8.10 × 0.675 × 0.90 = 4.92 m³. Kọnkéré 8.10 × 0.675 × 0.225 = 1.23 m³. Gíga ògiri 0.90 yọ 0.225, ró 0.15, ó di 0.825. Ògiri 8.10 × 0.825 = 6.68 m². Ṣé mo gbà á?

Téèpù

Gbígbẹ́ àti kọnkéré tọ̀nà. Ògiri kùnà. Búlọ́ọ̀kù kò dúró ní etí kòtò, ó lọ fi orí kan ògiri ìta. 8.55 × 0.825, ó jẹ́ 7.05 m². Ó dára pé o fi ọ̀nà rẹ hàn, torí ìyẹn ni mo fi rí ibi tó ti yẹ̀.

BàbáKọnkéré

Téèpù ti fún ọ ní máàkì tirẹ̀. Tèmi rè é: búlọ́ọ̀kù kan pẹ̀lú àpòpọ̀ rẹ̀ ga ní 250 mm. Ìlà mélòó ló wà nínú 825?

ỌmọÌpìlẹ̀

Mẹ́ta àti díẹ̀... 3.3.

BàbáKọnkéré

Ta ló máa gé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá búlọ́ọ̀kù yíká gbogbo ilé? Ìlà mẹ́rin jẹ́ 1.00 m. O lè gbé German floor sókè dé 325 mm, tàbí kí o gbẹ́ kòtò dé 1.075 m. Ìkíní yóò gba erùpẹ̀ àti yanrìn tí ẹ ó fi kún inú ilé, ìkejì yóò gba gbígbẹ́ àti búlọ́ọ̀kù. Ògiri fúnra rẹ̀ dọ́gba nínú méjèèjì. Ṣírò méjèèjì fún gbogbo ilé, ìta 41.10 àti inú, kí o gbé èyí tó dínwó wá síbí lọ́la.